ÒJÒ KỌ́ NI Ó BA Ọ̀NÀ KWALI JẸ́

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹrin bá ti wọlé, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ti rọ̀ ní agbègbè Kwali, gbólóhùn kan náà ni yóò máa jáde lẹ́nu tọmọdé tàgbà: òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Olùkọ́ tí kò dé ilé-ìwé ní àsìkò yóò sọ ọ́. Ọlọ́kadà tí ó sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì yóò sọ ọ́. Olóṣèlú tí ó ṣe ìlérí ọ̀nà ní ọdún ìdìbò, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i sójú mọ́, yóò sọ ọ́ pẹ̀lú ojú àánú. Gbólóhùn náà dùn ún sọ nítorí pé òjò kò ní ẹnu tí yóò fi wí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Òjò ti ń rọ̀ sí ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó la ọ̀nà sí i, yóò sì máa rọ̀ sí i lọ. Ohun méjì ni ó ń ba ọ̀nà jẹ́: táyà tí ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó tutù, àti omi tí ẹnikẹ́ni kò la ojú fún. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ohun méjèèjì wà.

Kwali jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, Àbújá. Ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ni ó ní. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Àbújá lọ sí Lọ́kọ́ja la àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ sísọ rẹ̀ di olójú méjì jáde ní 2006. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ lórí ọ̀dà náà lè rò pé òun ti rí Kwali. Kò tíì rí i. Ibi tí ọ̀dà parí sí ni Kwali tí ó ń bọ́ ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ẹ̀gúsí ń ti inú oko bọ̀ lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa, òmíràn kò sì fẹ̀ ju ibi tí alùpùpù méjì lè ti yà fún ara wọn lọ. Ọ̀nà wọ̀nyí ni ọmọ ilé-ìwé ń fi ẹsẹ̀ rìn. Òun náà ni ọlọ́kadà ń gbé aboyún gbà lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn obìnrin Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, kì í sì í ru ẹrù sórí gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Yorùbá. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹni tí ó gbé ìdì igi tàbí agbọ̀n iṣu lé èjìká kò lè máa fò láti etí kòtò kan dé etí òmíràn bí ewúrẹ́. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ó nílò.

Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì kú ní ìgbèríko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ń fi ojú òtòṣì wo ẹni tí ó bá ń gùn ún. Èyí tí ó pọ̀ lọ́jà báyìí ni tòkunbọ̀ onítáyà ńlá, eléyín gbágungbàgun, tí àwọn òyìnbó ṣe fún gígun orí òkè. Nípa kẹ̀kẹ́ yìí àti alùpùpù ni ọ̀rọ̀ yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù wọ́n lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, kí ó mú owó 20 náírà kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ladi Kwali ni ó wà níbẹ̀, amọ̀kòkò tí ó sọ orúkọ ìlú yìí di mímọ̀ ní òkèèrè, tí ó sì di olóògbé ní 1984. Kí ìkòkò tó gbẹ ni obìnrin yìí máa ń fín alángbá, àkekèé, ẹja àti ọ̀nì sí i lára. Amọ̀ tútù a gba gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Bí ó bá ti gbẹ, tí iná sì ti kàn án, alángbá náà kò tún lọ síbì kankan mọ́. Ó wà lára ìkòkò títí di òní olónìí nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà ilẹ̀ pupa rí. Alùpùpù kan tí ó kọjá ní wákàtí kan lẹ́yìn òjò ti fín ilà sí i. Oòrùn ọjọ́ kejì ni iná tí yóò sun ún. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Ladi Kwali mọ ohun tí òun ń fín.

Ilà kan kò tó nǹkan lójú ẹni tí ó fà á. Ṣùgbọ́n omi òjò tí yóò rọ̀ lẹ́yìn èyí kò ní fọ́n ká mọ́. Inú ilà náà ni yóò wọ̀, yóò sì máa sáré. Omi tí ó ń sáré ń ru ilẹ̀. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ilà ti di poro. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, poro ti di kòtò tí ó lè gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá mì dé orúnkún. Nígbà náà ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yà fún un. Wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yóò bàjẹ́. Wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ òsì, òun náà yóò bàjẹ́. Wọn yóò wọ inú oko olóko, wọn yóò tẹ ebè mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí ó jẹ́ ẹyọ kan yóò di mẹ́ta, kò sì ní sí ọ̀kan tí ó ṣeé gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà nítorí ebè tí wọ́n tẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣẹ̀ wá. Bí ènìyàn bá sì gbọ́dọ̀ kọjá lórí ọ̀nà tí omi dúró sí, àárín omi náà ni kí ó gbà, kí ó sọ̀kalẹ̀ kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó rẹ̀ yóò gbẹ kí ó tó délé. Ọ̀nà tí ó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kì í padà.

Àwọn kan gbà pé táyà eléyín ni ìdáhùn sí ẹrọ̀fọ̀. Wọn kò rò ó dé ìdí. Eyín tí ó di ilẹ̀ mú kí kẹ̀kẹ́ má baà yọ̀ ni ó ń bu ilẹ̀ náà jẹ, bí táyà bá sì ti lágbára tó ni yóò ti bù ú tó. Ẹni tí ó bá yangàn pé kẹ̀kẹ́ òun kò bẹ̀rù ẹrọ̀fọ̀, ohun tí ó ń wí ni pé òun lè kọjá lónìí níbi tí aládùúgbò òun kò ní lè kọjá lọ́la.

Ó yẹ kí ó ya àwọn tí ó ń ra kẹ̀kẹ́ yìí lẹ́nu pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kì í gùn ún bẹ́ẹ̀. Ní àyíká òkè Tamalpais ní California ni àwọn ọ̀dọ́ ti sọ gígun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè di eré ìdárayá ní àwọn ọdún 1970. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ní òkè náà fi bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé wọ́n ń ba ọ̀nà jẹ́, àwọn aláṣẹ sì ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà dá ẹgbẹ́ IMBA sílẹ̀ ní 1988, wọ́n fi òfin de ara wọn, ọ̀kan nínú ohun tí òfin náà sì tẹnu mọ́ ni pé ọ̀nà tútù tètè ń bàjẹ́ ju ọ̀nà gbígbẹ lọ, nítorí náà bí ilẹ̀ bá rọ̀, kí ènìyàn wá ibòmíràn gùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lọ tún ọ̀nà ṣe láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn a tilẹ̀ máa rin ọ̀nà náà nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí ibi tí omi ń dúró sí gan-an. Fàájì ni wọ́n ń ṣe, ẹ gbọ́ ná! Fún nǹkan fàájì lásán, wọ́n ń fún ilẹ̀ ní ìsinmi. Ní Kwali, níbi tí oúnjẹ àti ẹ̀mí ènìyàn wà lórí ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó ń fún un ní ìsinmi wákàtí kan.

Ìdáhùn tí ó máa ń tẹ̀lé èyí kò le mọ̀. Wọn yóò ní òyìnbó lè dúró sílé nítorí pé owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí kò bá gun alùpùpù lónìí, ọmọ rẹ̀ kò ní jẹun lálẹ́. Òtítọ́ wà nínú èyí, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí aboyún tí ó ń rọbí dúró de oòrùn. Ṣùgbọ́n aláìsàn àti aboyún kì í ṣe gbogbo ẹrù. Iyanrìn tí típà ń kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kò rọbí. Igi gẹdú kò ṣàìsàn. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù kan lè sùn kí ilẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ẹrù sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, láàárín 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mú kí ọkọ̀ akẹ́rù máa rìn láìdúró lórí ọ̀nà ọ̀dà àti ti kọ̀ǹkéré tí wọ́n ṣe fún ìdánwò, kí wọ́n lè mọ bí ẹrù ṣe ń jẹ ọ̀nà run. Wọ́n rí i pé bí ìwúwo tí ó wà lórí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹkéré, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ro ti ilẹ̀ pupa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi yó.

Kì í ṣe ìmọ̀ tí ènìyàn ní láti lọ sí Amẹ́ríkà kó wá. Ní Kamẹrúùnù àti ní Burkina Faso, àwọn aláṣẹ máa ń gbé ọ̀pá dínà lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa bí òjò bá rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò dúró níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọ̀pá náà sókè. Ọ̀pá lásán ni, pẹ̀lú ẹnì kan tí ó jókòó tì í. Owó rẹ̀ kò tó owó epo tí gírédà kan ń mu ní ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ Nàìjíríà yóò ti máa rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀pá tí wọ́n bá fi dínà ní orílẹ̀-èdè yìí, kì í pẹ́ tí ó fi ń di ọ̀nà oúnjẹ. Lónìí, nítorí òjò ni. Lọ́la, nítorí ìwé ọkọ̀. Ní ọ̀tunla, àwọn géńdé mẹ́ta yóò ti so okùn mọ́ igi, wọn yóò sì máa gba owó ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀rù yìí tọ́, ẹni tí ó bá sì ń gbèjà ọ̀pá òjò láìdáhùn sí i kò ṣe òtítọ́ sí àwọn ará ìlú. Ìdáhùn kan wà. Kí ọ̀pá náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀nà ń ṣe lóore jù lọ, èyíinì ni àwọn obìnrin tí ó ń ná ọjà àti àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà létí ọ̀nà. Kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà ìletò dárúkọ wọn ní gbangba. Kí ó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ni ọ̀pá wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n hú u ní oṣù Kọkànlá. Kí àlùpùpù tí ó gbé aláìsàn máa kọjá láìsí ìbéèrè. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí owó kankan má sí níbẹ̀ rárá, ìbáà ṣe owó ìtanràn, ìbáà ṣe owó omi mímu. Kí ìjìyà ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá tipátipá jẹ́ ìdúró nìkan.

Ìdúró yìí kò sì ní wúlò bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ta ni onílé lórí ọ̀nà oko? Ìbéèrè yìí ni ó ń pa ọ̀nà Kwali. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni John McAdam, ọmọ Scotland, ti ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù, kì í ṣe òkúta tí wọ́n kó lé e. Bí ilẹ̀ náà bá gbẹ, yóò gbé ohunkóhun, bí ó bá tutù, kò sí òkúta tí yóò ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́; kí gọ́tà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbé e lọ. Ní ibi tí ọ̀nà bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí wọ́n la ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ibi púpọ̀, kí omi má baà kó ara jọ kí ó tó jáde.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Gírédà máa ń dé ní ìgbà tí ìdìbò bá súnmọ́, yóò sì fá ọ̀nà títí yóò fi jìn ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ. Àwọn ènìyàn a máa jó, wọ́n a máa ya fọ́tò. Wọn kò mọ̀ pé odò ni wọ́n gbẹ́ fún àwọn. Ọ̀nà tí ó bá rẹlẹ̀ ju oko lọ, inú rẹ̀ ni gbogbo omi oko yóò wọ̀. Àgbẹ̀ náà kò mọ́ lẹ́bi. Yóò kọ ebè rẹ̀ dé etí ọ̀nà gan-an, yóò kọ orí poro sí ọ̀nà, yóò sì fi èpò tí ó ro dí gọ́tà. Bí kòtò bá wá ṣí, àwọn ará ìletò yóò da iyanrìn rírọ̀, ilẹ̀ ẹlẹ́gbin àti èèpo àgbàdo sínú rẹ̀. Ohun tí ó rọ̀ a máa mu omi bí kànìnkànìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kòtò ti padà, ó ti fẹ̀ sí i, ó sì ń rùn. Ohun tí kòtò ń fẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ́ la ojú fún omi inú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wá da yangí sí i ní ìpele ìpele, kí wọ́n sì gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀ka igi tí ó dá òjìji bo ọ̀nà náà yẹ ní gígé, nítorí ibi tí oòrùn kò bá dé kò ní gbẹ. Kò sí èyí tí ó ju agbára ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì lọ nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, àyàfi ibi tí odò kékeré bá ti gba ojú ọ̀nà kọjá. Ibẹ̀ ni páìpù oníkọ̀ǹkéré ti di dandan, ibẹ̀ náà sì ni kí owó ìjọba kọ́kọ́ lọ.

Ìjọba kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí bọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kedere. Ṣùgbọ́n láti ìgbà pípẹ́ ni ìjọba ti fẹ́ràn ọ̀nà títuntun ju ọ̀nà tí ó wà lọ. Ní 1986, ìjọba ológun dá àjọ DFRRI sílẹ̀ láti mú ìdàgbàsókè bá ìgbèríko, wọ́n sì la ọ̀nà púpọ̀. Wọ́n là á, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí ṣeé fi tẹ́ẹ́pù gé. Gọ́tà tí wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìṣíde. Ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lébìrà P.W.D. a máa pín ọ̀nà láàárín ara wọn, olúkúlùkù mọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì padà wá, ṣùgbọ́n pípín yẹn kò yẹ kí ó bá wọn lọ.

Àwọn Yorùbá náà ní tiwọn kí P.W.D. tó dé. Kí ọdún ìlú tó kò, wọ́n a ro ọ̀nà odò, wọ́n a ro ọ̀nà oko, agboolé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì jáde a san ìtanràn. Ní Rwanda lónìí, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù ni gbogbo ará ìlú ń jáde ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń pè é ní umuganda. Ipá wà nínú ti Rwanda ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n gọ́tà wọn ń ṣàn. Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Kwali, àwọn oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́, a máa wí pé ọ̀nà náà kì í ṣe ti bàbá àwọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó ẹrù wọn wọ ọjà. Òjò kì í béèrè ìlú ẹni kí ó tó dé kòtò mọ́ ènìyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé ìwé ìpè ọmọ ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ní oṣù Kejì, gbogbo orúkọ ní àmì. Ní oṣù Keje, àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọbìnrin ni ó sì sábà ń ṣáájú, nítorí pé bí ọ̀nà bá gba wákàtí méjì dípò ìṣẹ́jú márùnlélógójì, òbí yóò ní kí ọmọbìnrin dúró sílé ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní àkókò kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń bẹ ẹni tí ó mọ ẹnì kan, kí wọ́n lè gbé wọn lọ sí ilé-ìwé etí ọ̀dà. Ọ̀nà ni wọ́n ń fi ṣe àwáwí. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọn ìbá lò níbẹ̀, bí wọ́n bá sì fi ọ̀sán Ẹtì kan péré nínú rẹ̀ bá àwọn àgbà ìletò jáde pẹ̀lú ọkọ́, wọn ìbá mọ ibi tí omi ń dúró sí. Wọn kò lọ. Olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní òwúrọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú, ó mú pàṣán dání de àwọn tí ó pẹ́ dé. Ẹrẹ̀ pupa wà ní ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún. Alùpùpù tí ó gbé olùkọ́ náà wá ní aago méje ni ó fín ilà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà.